Bí a ṣe ń tọ́jú ibi ìfọṣọ nígbà tí a bá ń ta ilé tí a ṣì ń gbé inú ẹ̀

Ẹni tó fẹ́ fowó ra ilé lọ́wọ́ yín ò ní pẹ́ ní pálọ̀, ẹ gbà mí gbọ́. Ó máa wo pálọ̀ fìrí, á ní ó dáa, á béèrè bóyá iná ń wà dáadáa ládùúgbò, á wá gba kíṣìnì kọjá bọ́ sẹ́yìn, ibi tẹ́ ẹ ti ń fọṣọ gan-an ló máa dúró sí jù. Ibẹ̀ lomi ti ń wọlé, ibẹ̀ ló ti ń jáde, tó bá sì ń jò, ara ògiri ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ hàn. Mo ti bá mẹ́ta nínú ẹbí mi palẹ̀ ilé mọ́ kí wọ́n tó tà á, méjì n'Íbàdàn, ọ̀kan ní Ìkòròdú, mo sì ti rí bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ ara ẹ̀ ba ọjà ara ẹ̀ jẹ́ níbi ìfọṣọ yìí, ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù kúrò níbẹ̀. Ìyẹn ò le. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti là, kẹ́ẹ̀gì òfìfo, bàtà tẹ́nì kankan ò wọ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀ ni kó lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, bàsíà kan, búrọ́ọ̀ṣì kan, ó ti tó. Tí jẹnẹrétọ̀ bá wà nítòsí ibẹ̀, ẹ gbé e lọ síbòmíì, òórùn epo ẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi eyín ya, ẹ má jẹ́ kó hàn. Àwọn kan á lọ ra ike olówó iyebíye torí ìyẹn, kò pọn dandan rárá, ike kọ́sítáàdì onídèérí ni kẹ́ ẹ fọ̀, kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sómi kí bébà ara ẹ̀ lè ṣí kúrò, kẹ́ ẹ da ọṣẹ sí i. Méjì irú ẹ̀ tó dúró tira wọn lórí ṣẹ́ẹ̀fù máa ń wuyì lójú.

Aṣọ fífọ̀ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ẹ jáwọ́ nínú kíkó o jọ di Sátidé. Sátidé àti ọ̀sán Sọ́ńdè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì làwọn tó ń wolé máa ń wá jù, ọjọ́ yẹn náà lẹ máa wá ta bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ sórí okùn káàkiri. Túsìdeè àti Tọ́sìdeè ni kẹ́ ẹ fi ṣe ọjọ́ ìfọṣọ, ní ìrọ̀lẹ́, díẹ̀díẹ̀, tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ ti ká a. Ìgbà òjò ló máa ń yọni lẹ́nu. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ sá a sínú ilé, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi fáànù sí i, torí omi tó ń kúrò lára aṣọ yẹn, tí ò bá ríbi jáde, ara ògiri ló ń lọ. Okùn aṣọ náà, ẹ má so ó pa. Ìkọ́ méjì ni kẹ́ ẹ kàn mọ́gi tàbí ògiri, kó jẹ́ pé tí wọ́n bá ní àwọn ń bọ̀, ẹ tú okùn yẹn, ẹ ká a sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Wàyí o, ibi tó ti ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ rèé: òórùn aṣọ tútù yẹn, àti ògiri tó rin. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àmọ́ dípò kí wọ́n wá ibi tómi náà ti ń wá, káńfọ̀ ni wọ́n máa lọ rà, wọ́n á fín nǹkan olóòórùn dídùn káàkiri, wọ́n á kun ọ̀dà lé ògiri lórí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, wọ́n ní ó ń pọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi obìnrin nìyẹn. Ó ku ọjọ́ méjì kí bàbá kan wá wolé ni ó ní kí wọ́n kun ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ ní funfun. Ó mọ́ lóòótọ́, mo wà níbẹ̀. Bàbá yẹn dé, kò sọ nǹkan kan, ó fẹ̀gbẹ́ wọ àárín ẹ̀rọ àti ògiri, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ mọ́ ògiri yẹn bí ìgbà téèyàn ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Nígbà tó máa yọwọ́, ọ̀dà bá a lọ. Ó fi àtàǹpàkò ra ìka ìfábẹ̀lá, ó wò ó, ó wo àbúrò mi, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." A ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Ẹ sì wá wò ó o, ohun tó fa gbogbo ẹ̀ ò ju wáṣà kékeré kan lọ, rọ́bà róbótó tó ń dí omi, èyí tó wà ní oríkèé ibi tí họ́ọ̀sì ẹ̀rọ ti so mọ́ tápù. Ó ti gbó, ó ń kán tó, tó, tó, sára ògiri látọjọ́ tẹ́nì kankan ò mọ̀. Kò sí bí wáṣà yẹn ṣe wọ́n tó tó máa tó owó ọ̀dà tó rà.

Torí náà ẹ wá omi yẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan míì. Ẹ fa ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri pátápátá, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ yọjú wò ó látòkè. Ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu oríkèé tápù àti họ́ọ̀sì yíká, tí tíṣù bá tutù, ẹ ti rí ọ̀kan. Tẹ́ ò bá rí nǹkan kan àmọ́ tí ògiri ṣì ń rin, ẹ mú ọ̀rá tó fẹ̀ tó ìwé àjákọ tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ dí etí ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Tí omi bá wà lábẹ́ ọ̀rá, láàárín òun àti ògiri, inú ògiri lomi ti ń wá, ẹ pe púlọ́ńbà. Tó bá jẹ́ orí ọ̀rá níta lomi wà, afẹ́fẹ́ ni ò ráyè jáde níbẹ̀, fèrèsé lẹ máa ṣí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀. Èyí tó ń ṣílẹ̀kùn níwájú, rọ́bà kan wà lẹ́nu ẹ̀, ẹ fìka ya rọ́bà yẹn kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Bọ́tìnnì, irun, òwú ìbọ̀sẹ̀, àti nǹkan dúdú kan tó ń yọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń fara pamọ́ sí, ibẹ̀ ni òórùn yẹn ti ń jáde. Ẹ da ìdérí Hypo kan sínú omi lítà kan, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ jẹ́ kó pẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi omi nìkan tún un nù. Asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ níwájú ẹ̀, ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i, torí omi máa tú jáde. Látìgbà náà lọ, ẹ má ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ yẹn mọ́ tẹ́ ẹ bá fọṣọ tán, ẹ jẹ́ kó ṣí díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbọ́ eléyìí. Ẹ má da Hypo pọ̀ mọ́ Harpic, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ fínígà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan gbà pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa ń mọ́ tó. Afẹ́fẹ́ olóró ló máa gbé jáde, ní ibi tóóró bẹ́ẹ̀ ó lè dá èèyàn dùbúlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni kẹ́ ẹ lò, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí.

Ihò omi tó wà nílẹ̀, tó bá ń rùn bí ṣọ́kàwéè, ó ṣeé ṣe kí omi tó yẹ kó dúró ní kọ̀rọ̀ páìpù ti gbẹ ni. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan lẹ máa dà sí i. Tó bá jẹ́ ilé tẹ́ni kankan ò sí nínú ẹ̀, ẹ da òróró ṣíbí kan tẹ̀ lé e, kò ní jẹ́ kómi yẹn tètè gbẹ.

Ọ̀dà ló máa kẹ́yìn. Ògiri gbọ́dọ̀ gbẹ ná, kì í ṣe gbígbẹ ojú o, ẹ tún lẹ ọ̀rá yẹn mọ́ ọn kẹ́ ẹ wò ó. Tó bá gbẹ, ẹ ha èyí tó ti ń ṣí kúrò, ẹ wá kùn ún. Tí ejẹ́ǹtì bá ní kẹ́ ẹ kùn ún báyìí kí oníbàárà tọ̀la lè bá a bẹ́ẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Ejẹ́ǹtì ò sì ní fún yín lákòókò, "a ti wà ní bọ́sítọ́ọ̀pù" ni wọ́n máa ń sọ. Ẹ ní agbọ̀n onídèérí kan, kí gbogbo aṣọ tó dọ̀tí máa gbé inú ẹ̀, tí fóònù bá dún, ẹ gbé e sínú búùtù mọ́tò. Ẹ tú okùn. Ẹ nu sínkì àti ilẹ̀ gbẹ, ẹ má wọ́n omi síbẹ̀, ilẹ̀ tútù máa ń jẹ́ kí wọ́n rò pé nǹkan ń jò. Kí tápù wà ní ibi tí wọ́n ti lè ṣí i fúnra wọn.

Tí wọ́n bá sì béèrè bóyá ògiri yẹn ti rin rí, ẹ má purọ́. Ẹ sọ pé wáṣà ló gbó, oṣù wo lẹ pààrọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin tó padà ra ilé àbúrò mi tẹ̀wọ́ mọ́ ojú ibẹ̀ gan-an, ó yọwọ́, kò rí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀, ó wá béèrè pé èló ni ìparí ẹ̀.