Ọmọ tó ń jí ní ìdájí: àwọn àṣìṣe tó ń sọ aago márùn-ún di òwúrọ̀

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú. Ládàánì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ha ọ̀fun nínú gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa n'Íbàdàn, ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́jọ, ti lajú kalẹ̀ nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Mo nawọ́ mú fóònù, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ní, "Ọkọ mi, o ti jí?" Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Oorun parí nìyẹn, tèmi tirẹ̀. Odindi oṣù kan ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí mo sì ń rojọ́ kiri pé ọmọ ni kò fẹ́ sùn.

Tọ́ọ̀ṣì yẹn ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Láti nǹkan bí aago mẹ́rin, oorun ọmọ ti fúyẹ́, nítorí ó ti sùn èyí tó pọ̀ nínú ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Á kùn díẹ̀, á yí ẹ̀gbẹ́ padà, á tiẹ̀ lajú, á sì tún sùn padà bí ẹnikẹ́ni ò bá dá sí i. Ṣùgbọ́n tó bá ti rí iná, tó sì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn lójú tiẹ̀. Ẹ dúró díẹ̀ ná. Bó bá sunkún gidi, ẹ gbé e, ẹ fún un lọ́mú nínú òkùnkùn, ẹ má bá a ṣeré. Bí kò bá ti ṣu, ẹ fi ìlédìí rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná yìí kò mọ sórí tọ́ọ̀ṣì o. Ọ̀rẹ́ mi kan ní London ní kọ́tìnnì dúdú tó nípọn ló gba òun, torí oòrùn ibẹ̀ máa ń yọ kí aago márùn-ún tó lù nínú oṣù kẹfà. Tiwa kì í ṣe oòrùn, iná NEPA ni. Wọ́n mú un lọ ní alẹ́, a gbàgbé láti pa gílóòbù, wọ́n dá a padà ní aago mẹ́rin, yàrá mọ́lẹ̀ yòò, àwọn ọmọ ilé kejì ń ké "Up NEPA!" Ẹ pa gbogbo súwíìṣì kí ẹ tó sùn.

Èyí tó gbọ́n jù létí tó sì burú jù ni: "Jẹ́ kó pẹ́ kó tó sùn, á pẹ́ kó tó jí." Ìyá ọkọ mi sọ ọ́, mo sì gbà, pàápàá torí pé bàbá ọmọ kì í wọlé títí di aago mẹ́sàn-án. A dá ọmọ dúró di aago mẹ́wàá. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jí! Ọmọ tí àárẹ̀ ti mú jù, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ láti sùn wọra. Nígbà tí mo dá a padà sí aago méje ààbọ̀ alẹ́, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò yàtọ̀, díẹ̀ ló kù kí n pa á tì.

Ẹ tún wo oorun àárọ̀. Ọmọ tó jí ní aago márùn-ún, tí ẹ pọ̀n, tó sì sùn lẹ́yìn yín ní aago mẹ́fà ààbọ̀, oorun òru ló ń parí lẹ́yìn yín yẹn. Lọ́la á tún jí ní márùn-ún, ó ṣáà mọ̀ pé ẹ̀yìn ń bẹ. Ẹ máa sún oorun yẹn síwájú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan.

Lásìkò ọyẹ́, òtútù ìdájí náà ń jí ọmọ. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn dára ju kí ẹ di bùláńkẹ́ẹ̀tì lé ọmọ lórí.

Wọ́n á ní eyín ló ń yọ, wọ́n á wá gbé oògùn dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Piriton kì í ṣe oògùn oorun, òmíràn nínú àwọn oògùn tó ń múni tòògbé sì lè dí mímí ọmọ kékeré lọ́wọ́. Láàárín 2008 sí 2009, oògùn eyín kan tí májèlé wà nínú rẹ̀ pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ògì inú fídà fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà: kì í mú un sùn pẹ́, ó sì lè há a lọ́fun. Ọmọ kékeré tí ebi jí, oúnjẹ ló ń wá, ẹ fún un lọ́mú.

Àmọ́ kí ẹ tó pè é ní ìṣòro, ẹ kà á ná. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní wákàtí 12 sí 16 ló yẹ kí ọmọ oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá sùn lójúmọ́, ti ọ̀sán pẹ̀lú. Ọmọ tó sùn ní aago méje alẹ́, tó jí ní márùn-ún ààbọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ó ti sùn tirẹ̀ tán. Èyí tó ń han oorun bí àgbàlagbà, tàbí tó ń fa etí tí ara rẹ̀ sì gbóná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Tèmi gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ló ń jí báyìí. Ládàánì ṣì ń ha ọ̀fun ní márùn-ún ku ogún, èmi nìkan ló sì kù tó ń jí sí i.