Púlọ́ọ̀gì ọkọ̀: àwọn àṣìṣe tó ń ná yín lówó

Ẹ má bínú o, inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ eléyìí. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ẹni tó ni ín á ní, "Ọ̀gá, púlọ́ọ̀gì tuntun ló wà nínú ẹ̀." Tuntun kẹ̀! Púlọ́ọ̀gì yìí ló ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì.

1. Ẹ má rà á torí pé ó jọ ti àtẹ̀yìnwá. Nọ́ńbà inú ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ bá lọ sọ́jà.

2. Ẹ má fi nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan ka tòmíràn. Lára NGK àti Denso, bí nọ́ńbà ooru, èyí tó ń sọ bí púlọ́ọ̀gì ṣe ń gbóná tó, bá ṣe ń ga ni púlọ́ọ̀gì ń tutù sí i. Ti Bosch, òdìkejì ni.

3. Ẹ má tú u nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná. Tí tírẹ́ẹ̀dì bá jẹ, ẹ ti wọ gbèsè nìyẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti irídíọ̀mù, púlọ́ọ̀gì tí wọ́n fi irin tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ṣónṣó ẹ̀. Ṣónṣó orí ẹ̀ tín-ín-rín. Denso ní èyí tí kò ju 0.4 mm lọ. Mẹkáníìkì á tú u, á ní ó dọ̀tí, á mú sáńpépà, á máa ha á bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Á tún fi sukurudiráífà fẹ àlàfo tí iná ń fò kọjá lẹ́nu ẹ̀! Ìyá kan gbé Corolla 2005 wá, wọ́n ti ní kó ra kọ́ìlì tó ń gbé iná fún púlọ́ọ̀gì, ó sì ti rà á, síbẹ̀ ọkọ̀ ò yé gbọ̀n. SK16R11 ti Denso ló wà níbẹ̀, púlọ́ọ̀gì irídíọ̀mù gidi. 11 tó gbẹ̀yìn yẹn, àlàfo 1.1 mm ni, wọ́n ti wọ̀n ọ́n láti ilé iṣẹ́. Mo gbé e síta sójú oòrùn: ṣónṣó ọ̀kan ti ṣẹ́, ojú sáńpépà hàn lára àwọn yòókù. Kọ́ìlì àkọ́kọ́ ò ṣe nǹkan kan. Ìyàwó mi ní mo máa ń bá púlọ́ọ̀gì jà lójú oorun. Ẹ ò rí i pé mo lẹ́jọ́?

Irídíọ̀mù tí wọ́n bá tà fún yín ní owó níkẹ́lì, ìyẹn púlọ́ọ̀gì lásán, ayédèrú ni.

Tí ọ́ìlì bá wà nínú ihò púlọ́ọ̀gì, gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí fáàfù (valve cover) ni kí ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí.

Ẹ̀yin oní-Sienna V6 àtijọ́, mẹ́fà ni púlọ́ọ̀gì yín. Mẹ́ta iwájú nìkan ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀, torí pé kọ́wọ́ tó lè tó ti ẹ̀yìn, àfi kí wọ́n tú intake, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, kúrò. Owó mẹ́fà ni wọ́n á sì gbà. Ẹ ní kí wọ́n kó àtijọ́ fún yín, kí ẹ kà á lójú wọn kí ẹ tó sanwó.