Ìtẹ̀ 39 láti rí géèmù kan: bí mo ṣe tún ṣọ́ọ̀bù orí kọ́ńsólù ṣe

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, kó má baà jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í kà. Láti ìgbà tí mo gbé páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù dání títí mo fi dé ojú-ewé géèmù kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà, èyí tí mo ti mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà 39 ni mo tẹ bọ́tìnnì. Mo kọ nọ́ńbà yẹn sójú-ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé iṣẹ́ mi, òun ni mo sì ń wò ní gbogbo oṣù mẹ́rin tí iṣẹ́ náà gbà.

Iléeṣẹ́ tó ni kọ́ńsólù náà, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù tí à ń so mọ́ tẹlifíṣàn, fẹ́ kí n tún ojú ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ti ń ra géèmù lórí rẹ̀ ṣe. Àwọ̀ tuntun, àwòrán ńláńlá àti fídíò tó ń dá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí n kọ́kọ́ jókòó ti àwọn tó ń rajà níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù orí kọ́ńsólù kò jọ ti orí fóònù. Lórí fóònù, ibi tí ojú bá wò ni ìka ń lọ tààrà. Lórí kọ̀ǹpútà, máòsì á ti igun kan bọ́ sí ìkejì lẹ́ẹ̀kan náà. Ti páàdì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Bọ́tìnnì alágbèlébùú tí Gunpei Yokoi ṣe ní Nintendo, iléeṣẹ́ géèmù ilẹ̀ Japan, lọ́dún 1982 la ṣì ń lò títí dòní, ó sì dára púpọ̀ fún géèmù, ṣùgbọ́n bí ohun téèyàn ń wá bá wà ní ìlà kẹẹ̀ẹ́dógún, ìgbà 14 ni yóò tẹ ìsàlẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ya ojú ṣọ́ọ̀bù náà kò lè mọ ìyà yẹn láé, nítorí máòsì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí nǹkan orí ẹ̀rọ ṣe rọrùn lò tó, ti kọ ọ́ lọ́dún 2000 pé bí èèyàn márùn-ún bá dán nǹkan wò, ó tó láti fi rí èyí tó pọ̀ jù nínú àléébù rẹ̀. Mẹ́jọ ni mo pè. Láti orí ẹni kẹta ni ohun kan náà ti ń ṣẹlẹ̀ ṣáá.

Màmá kan ló jẹ́ kó yé mi dáadáa. Ó ń wá géèmù fún ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n dín owó wọn kù. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ títí, ó tó ogún ìlà, ó ṣí géèmù kan, ó kà á, kò wù ú, ó tẹ bọ́tìnnì ìpadà. Bí àkójọ náà ṣe padà wá, férémù funfun tó ń fi ibi téèyàn wà hàn ti fò padà sókè pátápátá. Kò ráhùn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó rọra gbé páàdì lé itan, ó ní, “Ó ti tó, n ò rà á mọ́.” Mo ní, “Ẹ má bínú mà,” nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ.

Mo mú ọ̀rọ̀ náà tọ ẹni tó ń kọ kóòdù lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé àkójọ yẹn kò lè dúró síbi tí wọ́n fi í sí ni?”

“Àyè dà, àbúrò? Géèmù tí wọ́n dá dúró lẹ́yìn ló gba mẹ́mòrì tán. Èyí tó kù fún ṣọ́ọ̀bù kò tó nǹkan. Téèyàn bá ti kúrò lójú-ewé kan, a ní láti dà á nù.”

“Ẹ da àwòrán nù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tọ́jú nọ́ńbà ìlà tó wà.”

Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. “Nọ́ńbà kan ṣoṣo? Ìyẹn kò gba àyè rárá.”

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe é. Nínú gbogbo ohun tí a yí padà, n kò rí èyí tó ṣe àǹfààní tó o.

Àwọn àwòrán náà tún nílò àtúnṣe. Ńṣe ni ṣọ́ọ̀bù máa ń pe àwòrán gbogbo géèmù inú àkójọ lẹ́ẹ̀kan, férémù á wá lẹ̀ mọ́ ojú kan nígbà tí ọwọ́ ti tẹ bọ́tìnnì tipẹ́. Bí nǹkan bá dáhùn láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ó máa ń ṣe èèyàn bíi pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló ṣe é. Tiwa ń lò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. A wá ní kó máa pe kìkì àwọn tó wà lójú tẹlifíṣàn, pẹ̀lú èyí tó tẹ̀ lé wọn lókè àti nísàlẹ̀.

Ní ti wíwá orúkọ, a jẹ́ kí èsì máa yọ láti orí lẹ́tà kẹta, a sì fún un ní bọ́tìnnì tirẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbikíbi nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ àyè ìpamọ́ dùn mí gan-an. Ọkùnrin kan sanwó tán kó tó mọ̀ pé àyè kò tó lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá ni, pẹ̀lú lẹ́tà tí gíga rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 18, ìyẹn àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán ojú tẹlifíṣàn. Ìlànà tí Microsoft gbé jáde fún Xbox, kọ́ńsólù tiwọn, sọ pé kò gbọ́dọ̀ dín sí 26 lórí tẹlifíṣàn 1080p, ìyẹn èyí tó ní píksẹ́lì 1080 láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí pé orí àga lọ́ọ̀ọ́kán lèèyàn ti ń kà á. Ní báyìí, ẹ̀gbẹ́ iye owó gan-an ni a kọ ọ́ sí: “Ó gba 64 GB. Àyè tó kù fún ọ: 41 GB.” Ẹ̀rù ba àwọn tó ń bójú tó ọjà pé èyí á lé oníbàárà lọ. Mo ní owó ẹni ni, ó yẹ kó mọ̀ kó tó san án.

Àkójọ ohun téèyàn ti rà ni mo jà fún jù. Abẹ́ ètò àkántì ni wọ́n gbé e pamọ́ sí. Mo rán wọn létí pé nígbà tí Nintendo dáwọ́ títa dúró lórí ṣọ́ọ̀bù 3DS àti Wii U, ẹ̀rọ géèmù wọn méjì, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn tó ti ra géèmù ṣì lè tún un dáńlóòdù. Lọ́jọ́ tí ọjà bá tú, àkójọ yẹn nìkan ló kù fún oníbàárà. Wọ́n gbà, ó sì ti wà lójú-ewé àkọ́kọ́.

N kò rí ti ìpolówó ńlá orí ojú-ewé gbà. Ohun tí wọ́n fi gbà mí láàyè ni pé kí férémù máa bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo tún kà á, ìtẹ̀ 11 ni. Mo pe màmá yẹn padà, n kò sọ ohun tí a yí fún un. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí géèmù kan, ó padà, férémù ṣì wà lórí géèmù yẹn. Kò tilẹ̀ kíyè sí i. Ó wo mẹ́ta bẹ́ẹ̀, ó padà sórí ìkejì, ó sì rà á.