Bí a ṣe ń mú yèrèpè kúrò lóko

Ìgbà òjò ni kí ẹ ti kojú yèrèpè, kó tó so rárá. Ní Kuje, Kwali àti Gwagwalada lágbègbè Abuja, ẹ máa rí i tó ń fà mọ́ igi àti ọgbà, ewé rẹ̀ mẹ́tamẹ́ta lórí ọ̀pá kan. Tí lébìrà yín bá jẹ́ Hausa, karara ni kí ẹ pè é fún un. Ẹ gé e mọ́lẹ̀ nídìí, ẹ hú gbòǹgbò rẹ̀, ó parí.

Tí ọyẹ́ bá ti bá yín níbẹ̀, iṣẹ́ dé. Èso tó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ náà ti gbẹ, irun pupa rẹ́súrẹ́sú tó bò ó sì ti ń já fúnra rẹ̀. Irun yìí máa ń gún awọ ara, èròjà mucunain inú rẹ̀ ló sì ń mú kó yúnni.

Ẹ wọ kóòtù òjò, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbòmú àti awò tó bo ojú pátápátá. Súwẹ́tà kò dára, irun á há sí i. Ẹ fọ pọ́ǹpù tí ẹ fi ń fín oògùn koríko mọ́ dáadáa, ẹ pọn omi sí i pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ fi rin èso náà gbingbin. Irun tó tutù kì í fò. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń ti àríwá-ìlà-oòrùn wá, nítorí náà apá ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Ẹ rọra gé èso náà sínú àpò náílọ́n, kí ẹ rì í mọ́ kòtò tó jìn dé orúnkún. Ẹ má dáná sun ún o! Èéfín á gbé irun náà wọ ojú àti imú ará ilé.

Ẹ da omi sí kóòtù yín lára kí ẹ tó bọ́ ọ. Ìbọ̀wọ́ ni kí ẹ bọ́ kẹ́yìn. Ẹ má kó aṣọ oko yẹn pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ.

Tó bá ti kàn yín lára, ẹ má họ ọ́. Híhọ ń tì í wọlé sí i ni. Eérú tí àwọn kan fi ń pa á náà kò yàtọ̀ sí híhọ. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ mú òmíràn, títí kò fi ní bá irun bọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi omi àti ọṣẹ ṣàn án, láìlo kànìnkànìn. Tó bá wọ ojú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gba ọsibítù lọ. Ẹni tí mímí bá ń ni lára kò gbọdọ̀ dúró ṣe ìkankan nínú èyí: ọsibítù ni tààrà.

Èyí tó ti já sílẹ̀ á hù bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ padà síbẹ̀ ní oṣù karùn-ún, ẹ fà wọ́n tu nígbà tí wọn kò tíì rí igi fà mọ́.