Yíyan Kíláàsì Ìmúrasílẹ̀ fún Ìrọbí: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Retí Àkọ́bí

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń retí àkọ́bí ni ọjọ́ ìkúnlẹ̀ máa ń bá lójijì, tí aboyún kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀, tí ọkọ kò sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó fọwọ́ mú. Kíláàsì ìmúrasílẹ̀ wà kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ sí yín. Kì í ṣe ibi ìyẹ̀wò oyún o, kò sì lè rọ́pò rẹ̀: ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera ó kéré tán ní ìgbà 8 kí ó tó bímọ, kíláàsì kò sì yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú èyí. Iṣẹ́ kíláàsì ni pé kí ẹ̀yin méjèèjì mọ ohun tó ń bọ̀, kí ẹ mọ ohun tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tó máa gbẹ̀bí yín, kí ẹ sì ti fi ara dán an wò kí ọjọ́ náà tó dé.

Ìgbà tí ó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá kíláàsì nígbà tí oyún bá wà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, nítorí pé àyè tètè máa ń kún lọ́dọ̀ olùkọ́ tó bá dára. Kíláàsì fúnra rẹ̀ sàn jù láàárín ọ̀sẹ̀ 28 sí 32, nígbà tí ẹ̀kọ́ náà kò jìnnà sí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ débi tí ẹ ó fi gbàgbé rẹ̀, tí ara aboyún kò sì tíì wúwo jù láti kúnlẹ̀ tàbí láti lóṣòó fún ìdánrawò. Ẹ rí i pé ẹ parí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ 36 tó pé, torí pé àwọn ọmọ kan kì í dúró títí oṣù wọn yóò fi pé. Ẹni tó bá lóyún ìbejì ní láti tètè bẹ̀rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìbejì sábà máa ń dé ṣáájú ọjọ́ tí a dá fún wọn.

Àwọn orúkọ tí ẹ óò máa gbọ́

Ẹ óò rí i pé kíláàsì kan ń jẹ́ orúkọ ẹnì kan, òmíràn sì ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Ní àwọn ọdún 1930, Grantly Dick-Read, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ àwọn ènìyàn pé ẹ̀rù ló ń mú kí iṣan ara le, iṣan tó le ló sì ń mú kí ìrora pọ̀ sí i, nítorí náà ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe é yóò lè fara balẹ̀. Fernand Lamaze, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀nà mímí àti ìfọkànsí dín ìrora kù ní Soviet Union ní ọdún 1951, ó sì gbé ìmọ̀ náà wá sí Paris. Ní Amẹ́ríkà, Robert Bradley tẹnu mọ́ ọn pé kí ọkọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ṣì ń lé ọkọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó dára kí ẹ mọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi orúkọ yan kíláàsì. Olùkọ́ méjì lè máa jẹ́ orúkọ kan náà kí ohun tí wọ́n ń kọ́ni sì yàtọ̀ síra. Ohun kan ṣoṣo tí orúkọ lè sọ fún yín ni ibi tí kíláàsì náà fì sí: ọ̀nà ti Bradley, fún àpẹẹrẹ, ń fì sí ìbímọ tí kò ní oògùn ìrora nínú, ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun lè fẹ́ oògùn yẹ kí ó ti mọ èyí kí ó tó forúkọ sílẹ̀.

Ohun tí kíláàsì tó yanjú gbọ́dọ̀ kọ́ yín

Ẹ kọ́kọ́ béèrè fún ìwé tó ṣe àlàyé ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kà á pẹ̀lú sùúrù. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrọbí fúnra rẹ̀: bí ìsúnkì ilé ọmọ ṣe ń ṣí ẹnu ilé ọmọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé sẹ̀ǹtímítà 10, bí ọmọ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, àti bí ibi ọmọ ṣe ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Kí olùkọ́ sọ ní kedere pé ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí àkọ́bí lè gùn púpọ̀, kí ó máa wá kí ó sì máa lọ, láìsí pé nǹkan kan bàjẹ́. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018 sọ pé sẹ̀ǹtímítà 5 ni ìrọbí gan-an ti ń mú ìyára, àti pé láti ibẹ̀ títí ẹnu ilé ọmọ yóò fi ṣí tán, kì í sábà ju wákàtí 12 lọ fún ẹni tó ń bí àkọ́bí. Ẹni tí kò mọ èyí yóò sáré lọ sí ilé ìwòsàn ní ìsúnkì àkọ́kọ́, wọ́n á dá a padà sílé, yóò sì ti rò pé ara òun kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Láti ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ nípa ìgbà tó yẹ kí ẹ kúrò nílé ti ń wá. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń sọ pé kí ẹ gbéra nígbà tí ìsúnkì bá ń dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tó ìṣẹ́jú kan, tí ó sì ti ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Ìwọ̀n yìí wúlò, ṣùgbọ́n agbẹ̀bí yín lè fún yín ní òmíràn bí ilé yín bá jìnnà tàbí bí oyún náà bá ní ohun tí wọ́n ń ṣọ́, tiẹ̀ sì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Àwọn àmì kan wà tí kì í dúró de ìwọ̀n kankan: ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, orí fífọ́ líle tí ojú sì ń ṣú, gìrì, ibà, omi ọmọ tó dà tí àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ewé tàbí tó ń rùn, àti kí ọlẹ̀ dín bó ṣe ń sọ kù. Bí ẹ bá parí kíláàsì kan tí ọkọ kò sì lè ka àwọn àmì wọ̀nyí lórí, kíláàsì náà kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Lórí ìrora, kí wọ́n kọ́ yín ní gbogbo ọ̀nà, kì í ṣe ọ̀nà kan. Mímí tó rọra ń lọ, rírìn kiri, fífi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kíkúnlẹ̀ àti fífarati nǹkan jẹ́ ohun tí a ń kọ́ nípa ṣíṣe é, nítorí náà ẹ wá kíláàsì tí àkókò ìdánrawò pọ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n sì ṣàlàyé afẹ́fẹ́ tí a ń fà símú, abẹ́rẹ́ ìrora, àti epidural tí a ń gún sí ẹ̀yìn: ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ohun tí ó lè gbà lọ́wọ́ aboyún, àti ìgbà tí kò ní ṣeé lò mọ́. Ẹ̀tọ́ aboyún ni láti yàn nínú wọn, kò sì lè yan ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un rí.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé a ti ń mọ kíláàsì tó ṣeé fọkàn tán. Àwọn olùkọ́ kan máa ń fò ó, bí ẹni pé mímẹ́nu kàn án yóò pè é wá. Kò sí ẹni tó lè ṣèlérí pé tiyín kò ní di iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí wọ́n sì ti sọ fún pé ọkọ lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí òun níbi tí ilé ìwòsàn bá gbà bẹ́ẹ̀, pé òun lè wà lójúfò kí òun sì gbọ́ ẹkún ọmọ, pé a lè gbé ọmọ lé òun láyà láìpẹ́, kò ní wọ yàrá náà pẹ̀lú ìbẹ̀rù kan náà. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fún fífi oògùn fa ìrọbí, ohun èlò tí a fi ń fa ọmọ jáde, àti ojú ara tó ya.

Kí kíláàsì má sì parí síbi tí ọmọ ti jáde. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ nípa dídúró ó kéré tán ìṣẹ́jú kan kí a tó di ìwọ́ bí ara ọmọ bá le, gbígbé ọmọ lé àyà ìyá láìsí aṣọ láàárín wọn, àti fífún un lọ́mú láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà jù àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè dé sí ìyá kódà lẹ́yìn tí ó ti padà sílé. Ẹkún àti ìbànújẹ́ ọjọ́ mélòó kan wọ́pọ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ìtọ́jú ni ó ń fẹ́, kì í ṣe ìbáwí.

Olùkọ́ àti ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń wáyé

Ẹ bi olùkọ́ léèrè ibi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́, bóyá agbẹ̀bí tàbí nọ́ọ̀sì ni, àti ìgbà tí ó wà níbi ìrọbí kẹ́yìn. Kò di dandan kó jẹ́ agbẹ̀bí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá jẹ́ agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò sọ pé, “Ẹ lọ bi dókítà yín.” Kíláàsì tí ilé ìwòsàn ń ṣe dára ní ti pé ẹ óò mọ yàrá náà, ẹ óò sì mọ ìlànà ibẹ̀, àléébù rẹ̀ ni pé nígbà mìíràn ohun tí ilé ìwòsàn máa ń ṣe nìkan ni wọ́n máa ń sọ fún yín. Kíláàsì tí olùkọ́ dá ṣe lè gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà lè máà mọ ohun tí ilé ìwòsàn yín yóò gbà. Bí ẹ bá lè lọ síbi tí ilé ìwòsàn yín ti ń kọ́ni, kí ẹ sì fi ìbéèrè kún un, ìyẹn tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì sàn ju àìkẹ́kọ̀ọ́ rárá lọ, àti fún ẹni tí wọ́n ti ní kó máa sinmi nílé, ó lè jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò tún bí ẹ ṣe ń kúnlẹ̀ fún ìdánrawò ṣe láti inú fóònù bí olùkọ́ tó dúró tì yín ṣe lè ṣe é. Níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti pọ̀ jù, kò ní sí àyè fún ìbéèrè tí ojú ń tini láti béèrè.

Ẹni tí yóò bá aboyún lọ

Ẹ lọ ní ẹ̀yin méjì. Aboyún tí kò ní ọkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè mú ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání, ẹni tí yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ gan-an. Ìwádìí ti fi hàn pé ìrọbí sábà máa ń kúrú díẹ̀, iṣẹ́ abẹ sì máa ń dín kù, fún aboyún tí ẹnì kan dúró tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nítorí náà ẹ béèrè bóyá kíláàsì náà ní ohun tí ó ń kọ́ ẹni tó bá a wá, tàbí ó kàn fún un ní àga láti jókòó.

Kíláàsì tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀

Ẹ fi olùkọ́ tó bá ṣèlérí ìbímọ láìsí ìrora sílẹ̀. Ẹ fi èyí tó ní kí ẹ má ṣe gba oògùn tí dókítà kọ fún yín sílẹ̀, àti èyí tó ń fi ẹni tó bí nípasẹ̀ iṣẹ́ abẹ ṣe àpẹẹrẹ ìkùnà. Bákan náà ni ti olùkọ́ tó ń fi ìtàn ikú dẹ́rù bà yín kí ó tó ta ohun kan fún yín.

Lẹ́yìn ìpàdé kejì, ẹ jókòó ní ẹ̀yin méjèèjì, kí ọ̀kan sọ fún èkejì ohun tí yóò ṣe bí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀ ní òru òní, láti ìsúnkì àkọ́kọ́ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dákẹ́ lẹ́nu yín ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá olùkọ́ ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá ráyè dáhùn, àkókò ṣì wà láti wá kíláàsì mìíràn kí ọ̀sẹ̀ 36 tó dé.