Ẹ Má Ṣe Ka Ipò Ènìyàn Mọ́ Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Họ́mọ̀nù

Bí ọkùnrin kan bá ń jágbe mọ́ gbogbo ènìyàn níbi ìpàdé ẹbí ní Adó-Èkìtì, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé testosterone, họ́mọ̀nù ọkùnrin (họ́mọ̀nù ni èròjà tí ara ń pèsè, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé kiri), ni ó pọ̀ lára rẹ̀. Àṣìṣe yìí ni ó bí àwọn yòókù. Testosterone kì í fi ènìyàn jẹ oyè. Ohun tí ojú ènìyàn rí pàápàá máa ń yí i padà. A ti rí i lára àwọn tí ń ta chess pé ti ẹni tí ó borí ga ju ti ẹni tí ó fìdí rẹmi lọ, bẹ́ẹ̀ wọn kò bá ara wọn jà.

Ẹ má sì ṣe kà á sí họ́mọ̀nù ìjà. Àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Zurich, ní ilẹ̀ Switzerland, jáde ní 2010: wọ́n fún àwọn obìnrin kan ní testosterone (ara obìnrin náà ń pèsè rẹ̀), wọ́n fún àwọn mìíràn ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, láì sọ èyí tí ẹnikẹ́ni gbà fún un, wọ́n sì ní kí wọ́n pín owó. Àwọn tí ó lò ó ní tòótọ́ pín in dáadáa ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbà pé àwọn lò ó, ìbáà jẹ́ irọ́, ni ó fẹ́ rẹ́ ẹnìkejì wọn jẹ. Ohun tí a lè rí fà yọ níbẹ̀ ni pé iyì ni họ́mọ̀nù yìí ń mú kí ènìyàn máa wá, ọ̀nà tí a sì ń gbà rí iyì kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Èkìtì, tí a ń pè ní Ilẹ̀ Iyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìntì, tí kì í gbóhùn sókè rárá, lè jẹ́ ẹni tí gbogbo àdúgbò ń dọ̀bálẹ̀ kí.

Àṣìṣe mìíràn ni láti rò pé ara ẹni ńlá máa ń balẹ̀. Robert Sapolsky, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ àwọn ìnàkí ní Kẹ́ńyà, rí i pé cortisol, họ́mọ̀nù wàhálà, kéré lára àwọn akọ tí ó wà lókè nígbà tí ipò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀ mọ́ bí ìjà ipò bá ti dé. Ẹni tí ó bá mọ ìlú tí ìdílé méjì ti ń du adé ní kóòtù kò ní bi mí léèrè ìdí.

Ní pàtàkì, ẹ má ra abẹ́rẹ́ testosterone nítorí pé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀rù yín. Bí ó bá ti ń wọlé láti ìta, ọpọlọ kì yóò ránṣẹ́ sí kórópọ̀n mọ́, àtọ̀ ọkùnrin náà lè má ní irúgbìn ọmọ nínú mọ́. Bí dókítà bá ní kí ẹ yẹ iye testosterone inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí ó máa ń ga jù, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò ní ọjọ́ mìíràn kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ó kéré.