Bí Ìfábẹ̀lá Mi Ṣe Gbà Láti Tẹ F

Iná ló fa gbogbo rẹ̀. Ní alẹ́ Ọjọ́rú kan, ìpàdé àdúrà ń lọ lọ́wọ́, orin ti wọra, àtẹ́wọ́ ti gbóná, ni iná bá lọ. Kíbọ́ọ̀dù dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Kò sí ẹni tó fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ìpàdé wákàtí kan. Ẹ̀yin náà mọ iye tí epo ń lọ. Alàgbà kan bá yíjú sí mi nínú òkùnkùn, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, gìtá tó wà nílé yín ńkọ́?"

Lóòótọ́ ni mo ní gìtá, èyí onípákó tí kì í lo iná. Àlòkù ni, Ìlọrin ni mo ti rà á. Mo ti mọ kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bíi mẹ́fà lórí rẹ̀: G, C, D, E, A àti A máínọ̀, àwọn ìbejì sì máa ń jó sí i. Ohun tí alàgbà ò mọ̀ ni pé gìtá tí mo mọ̀ ọ́n ta nígbà náà kò lè bá ìjọ wa kọrin rárá.

Màmá Ẹgbẹ́ Ìyá ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ń dá orin, wọn kì í sì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ohùn wo ni kí àwọn fi dá a. Bó bá ṣe bọ́ sí wọn lẹ́nu ni. Lónìí F, lọ́la A flat, ọjọ́ tí òtútù bá mú wọn, ibi kan láàárín méjèèjì. Kíbọ́ọ̀dù ní bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ tí ohùn fi ń gòkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀. Onígìtá lè fi kápò, ìyẹn ohun kékeré tó ń di gbogbo okùn mọ́lẹ̀, há ọrùn gìtá, ṣùgbọ́n kó tó rí kápò nínú báàgì, Màmá ti wà ní ẹsẹ kẹta. Ohun tó kù ni báà: kí ìka kan ṣoṣo dábùú okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ìka náà fúnra rẹ̀ di kápò. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti mọ méjìlá, nítorí bí ọwọ́ ṣe dúró kì í yí padà, ọwọ́ kàn ń ṣí kiri ni. Àlàfo tó wà láàárín irin kan àti èkejì lórí ọrùn gìtá ni tíṣà mi ń pè ní yàrá. Yàrá kìíní ni F, ìkẹta ni G, ìkarùn-ún ni A, ìkẹjọ ni C.

Iṣẹ́ irun ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Under G, nítòsí LAUTECH níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń di irun, mo lè dúró ti orí kan fún wákàtí mẹ́fà, nítorí náà mo rò pé kò sí ohun tí ẹnì kan fẹ́ fi ìka ṣe tí tèmi ò ní í ṣe. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ F, nínú okùn mẹ́fà, ẹyọ kan péré ló dún. Ìyókù ń ṣe pàkì, pàkì, pàkì. Ọmọbìnrin tí mo ń fọ orí fún yí ọrùn padà, ó ní, "Àǹtí, gìtá yín mà ń húkọ́."

Ìka tí iṣẹ́ yìí bọ́ sí lọ́rùn ni ìfábẹ̀lá. Ẹ sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ ná. Ìka tí àwọn baba wa sọ lórúkọ nítorí kí a máa fi fá ọbẹ̀ lá ni mo ní kó wá dúró bí òpó.

Tíṣà mi kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ilé tí wọ́n ń gbé wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, òun ló sì ń ta gìtá fún ìjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Owó ẹ̀kọ́ mi ni pé mo ń di irun àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tí mo lè bí ni, síbẹ̀ tí mo bá ti gbé gìtá, "Tíṣà" ni mo ń pè é, òun náà á máa fi "mà" bò mí mọ́lẹ̀.

Nígbà tó dé, kò tilẹ̀ wo ọwọ́ mi. Gìtá ló gbà. Ó tẹ okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, mọ́ yàrá kẹta, ó wá tẹjú mọ́ àlàfo tó wà láàárín okùn náà àti irin àkọ́kọ́. Ó ní ó yẹ kí àlàfo ibẹ̀ kéré débi pé bébà lásán ni yóò lè kọjá. Nínú tèmi, díẹ̀ ló kù kí káàdì tí mo fi ń gbowó ní báǹkì gba ibẹ̀. "Àǹtí, ìka yín kọ́. Igi lẹ ń bá jà láti ìjọ́ yìí, mà."

Ohun kékeré funfun kan wà lókè ọrùn gìtá tí okùn gbé orí lé kó tó dé ibi tí a ti ń yí i. Nut ni wọ́n ń pè é. Egungun ni èmi ń pè é. Tèmi ga jù. Ó tú okùn sílẹ̀, ó fi igi kékeré gbá egungun náà jẹ́jẹ́ títí ó fi bọ́, ó tẹ́ sáńpépà sórí dígí ṣọ́ọ̀bù mi kí ó lè tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó wá ń fi ìdí rẹ̀ rìn lórí sáńpépà, díẹ̀díẹ̀. Tó bá rìn díẹ̀, á dá a padà sáyè rẹ̀, á tún wọ̀n ọ́n. Ó ní bí òun bá ha á jù, okùn á máa gbá irin, ohùn rẹ̀ á máa dún bí eṣinṣin tó kó sínú ìgò, egungun tuntun ni a ó sì rà. Lẹ́yìn èyí ló yọ okùn nọ́ńbà 12 tó wà níbẹ̀, tó fi nọ́ńbà 10 sí i, èyí tó tín-ín-rín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdajì wàhálà mi parí lọ́jọ́ náà, n kò sì tíì kọ́ nǹkan kan. Ó dùn mí. Oṣù tí mo ti fi bú ìka mi!

Ìdajì tó kù ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ó ní kí n gbàgbé F ná, kí n ta E. E tí mo ti mọ̀! Ṣùgbọ́n ó ní ìfábẹ̀lá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan okùn kankan. Ìka àárín wá sórí okùn kẹta ní yàrá kìíní, ìka òrùka sórí okùn karùn-ún ní yàrá kejì, ọmọńdinrín sórí okùn kẹrin ní yàrá kejì kan náà. Ìfábẹ̀lá rọ̀ sófuurufú bí àlejò tí wọn ò tíì fún ní àga. Ọmọńdinrín ló yà mí lẹ́nu. Nínú irun dídì, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ya irun sọ́tọ̀ lọ. Kò tẹ nǹkan kan rí láyé rẹ̀, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo lò lórí èyí nìkan.

Ìgbà yẹn ló wá là á yé mi. F kì í ṣe kọ́ọ̀dù tuntun. E ni, tó kó kúrò ní yàrá kan bọ́ sí èkejì. Nígbà tí a bá ń ta E, egungun yẹn ló ń mú gbogbo okùn dání fún wa. Tí ọwọ́ bá wá ṣí síwájú, a ti fi egungun sílẹ̀ lẹ́yìn, ìfábẹ̀lá ni yóò sì ṣe adelé rẹ̀.

Síbẹ̀ kò jẹ́ kí n lọ tẹ̀ ẹ́ ní yàrá kìíní. Yàrá karùn-ún ló mú mi lọ. Nítòsí egungun ni okùn ti máa ń le jù. Ẹ wo okùn tí a ń sá aṣọ sí: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́bàá òpó, kò ní í mì; ẹ tẹ̀ ẹ́ níwájú díẹ̀, á rọ̀ fún yín. Ní yàrá karùn-ún, okùn mẹ́rin dún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo pariwo débi pé aládùúgbò mi tó ń ta àpò ìwé yọjú. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì-mẹ́ta, a sọ̀kalẹ̀ sí ìkẹrin, lẹ́yìn náà ìkẹta.

Ohun tí mo bá sì fẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ ọ gbọ́ kó tó gbọ́ ohunkóhun rèé. Mo rò pé ìfábẹ̀lá gbọ́dọ̀ tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ka àwọn tí ìka yòókù ti mú: ìkarùn-ún, ìkẹrin, ìkẹta. Mélòó ló kù? Ìkẹfà, ìkejì àti ìkíní. Okùn mẹ́ta péré! Ọ̀kan lórí ìka, méjì nídìí rẹ̀. Ẹran àárín ìka lè sinmi, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohùn ohun tó ń tẹ̀. Èmi ti ń fi gbogbo ara tẹ àárín yẹn bí ẹni ń tẹ aṣọ mọ́ odò, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ìdí ìka gbé sókè.

Okùn kejì kò tíì gbà síbẹ̀síbẹ̀. A wá rí i pé ojú ìlà oríkèé ìka mi gan-an ló ń bọ́ sí, ibẹ̀ sì rì wọlé. Mo sún ìka sókè tó ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan, mo sì yí i kó fi ẹ̀gbẹ́ tẹ okùn, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ibi tí a ti ń yí okùn, nítorí pé egungun ìka sún mọ́ awọ níbẹ̀. Mo tún sún un mọ́ irin, kó má dúró sí àárín yàrá. Orí ìka mi ti yi láti inú iṣẹ́ irun, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ìfábẹ̀lá rọ̀ bí ti ọmọ ọwọ́, ó ta mí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnì kan ní kí n máa ki ìka bọ álọ́ọ̀mù. N kò dá a lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ṣe ara mi léṣe. Mo jókòó ti gìtá fún wákàtí méjì lóru, ilẹ̀ mọ́, ìdí àtàǹpàkò mi wú, n kò lè di kóòmù mú. Oníbàárà méjì ni mo dá padà lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn kò tíì padà wá títí dòní. Nígbà tí mo sọ fún Tíṣà, ó káwọ́ lérí. "Ẹ má bínú mà, ta ló ní kí ẹ fún un lọ́rùn?" Ó ní kí n sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí n sì máa ṣe lójúmọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó wá bi mí pé, "Àǹtí, onígángan tó ń fún ìlù kó tó sọ̀rọ̀, ṣé ìka ló fi ń fún un?" Mo ní apá ni. Ó ní, "Apá náà ni, mà."

Ó ní kí n yọ àtàǹpàkò kúrò lẹ́yìn ọrùn gìtá pátápátá, kí n ta kọ́ọ̀dù náà láìlò ó. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n tí apá ọ̀tún bá gbé lé ikùn gìtá dáadáa, tí ìgúnpá òsì sún mọ́ ìhà, tó sì ń fà sẹ́yìn jẹ́jẹ́, ìwúwo apá ni yóò tẹ okùn. Ó dún! Nígbà tí àtàǹpàkò padà sáyè rẹ̀, ìtìlẹ́yìn lásán ló wá ń ṣe, ní ọ̀gangan ìka àárín. Kò tún wú mọ́.

Àlùtò ni mí nínú ẹgbẹ́ akọrin, dò-rè-mí ni wọ́n fi tọ́ wa. Nítorí náà mo ní ọgbọ́n kan tí Tíṣà ò ní. Tí ẹ bá fi ìka kan okùn F lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí èyí tó nípọn, ohun tí ẹ óò gbọ́ ni dò, só, dò, mí, só, dò. Gẹ́gẹ́ bí akọrin mẹ́fà ni mo ṣe ń gbọ́ wọn, mo sì mọ ẹni tí kò wá. Só tòkè kò dún: okùn kejì, oríkèé. Dò tìsàlẹ̀ ń húkọ́: orí ìka ti yẹ̀. Èyí tó léwu jù ni mí, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ni. Tí ìka àárín bá gbé sókè, ohùn rẹ̀ á lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, kọ́ọ̀dù ayọ̀ á di ti ọ̀fọ̀, F méjọ̀ á di F máínọ̀ láàárín ìdúpẹ́.

Bàbá ọkọ mi, tí wọ́n fi gìtá Ebenezer Obey gbádùn ìgbà èwe wọn, gbọ́ mi lọ́jọ́ kan láti ìloro. Wọ́n ní gìtá Obey kò dún báyìí. Mo ní ẹ ṣeun, Bàbá.

F dún délẹ̀ ní yàrá kìíní ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ní ọjọ́ Sátidé, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kí ọwọ́ máa fo láti C bọ́ sí i lásìkò ni ìjà mìíràn. Mo máa ń gbé gbogbo ìka sókè tó ìwọ̀n bébà, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ogún ìgbà láàárọ̀, ogún lálẹ́.

Ọjọ́rú tó kọjá, iná tún lọ. Màmá dá orin. Mo wá dò wọn lórí okùn kẹfà, mo bá a ní yàrá kẹrin, mo tẹ báà síbẹ̀. Ẹsẹ méjì ló dára. Ní ẹ̀kẹta apá ti ń rẹ̀ mí, Màmá náà sì ti gbé ohùn sókè láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo bá sáré lé wọn bọ́ sí yàrá karùn-ún. Ẹnì kan fi fóònù gbà á sílẹ̀. Tíṣà ti lọ sílé fún ìsinmi, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, mo ń retí oríyìn.

Ó dáhùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Okùn kejì."